Ẹ Má Ní Kí Gádínà Fá Orí Ọgbà Yín Kodoro Kí Òtútù Tó Dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Iṣẹ́ ọgbà ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń ṣe ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ England, láàárín London, Kent àti Essex. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín ló ń gbé níbí, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń kà á nílé ló ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé tó ní ọgbà lẹ́yìn. Tí Oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá gádínà tí yóò tún ọgbà náà ṣe de òtútù. Iṣẹ́ tí wọ́n sì máa ń rán gádínà náà kì í ju gbólóhùn kan lọ: "Gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó mọ́ dáadáa." Gbólóhùn yìí ló ń pa igi tí òtútù fúnra rẹ̀ kò lè pa.

A mọ ibi tó ti wá. Nílé, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ fẹ́ dé, ọlọ́gbọ́n á ṣán igbó àyíká ilé rẹ̀ nítorí ejò àti nítorí iná ọ̀gbẹlẹ̀. Àgbàlá tí a gbá, tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere, ẹ̀rí ilé tó gún ni. Àṣà tó bá ilẹ̀ wa mu ni. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni ọyẹ́ ń gbẹ nǹkan. Òtútù ibí, omi ló fi ń jà. Omi inú ewé á dì, á fẹ̀, á sì fa ara ewé ya. Omi inú ilẹ̀ amọ̀ kò ní ríbi gbà jáde, gbòǹgbò á sì jẹrà nínú rẹ̀. Ewé àti òdòdó gbígbẹ tó ṣẹ́kù lórí igi, aṣọ ni wọ́n jẹ́ fún ìrudi tó wà lábẹ́ wọn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gé wọn kúrò ní Oṣù Kẹwàá ti bọ́ aṣọ lára igi nígbà tí òtútù ń bọ̀ lọ́nà.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ bá gádínà ṣàdéhùn ẹ̀ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ á bọ́ sí àárín Oṣù Kẹsàn-án sí àárín Oṣù Kẹwàá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí koríko ṣì lè hù, tí ata kò sì tíì rí òtútù. Ẹ̀ẹ̀kejì á di ìparí Oṣù Kọkànlá, nígbà tí ewé igi ti wọ́ tán. Ní apá ibí, ìrì dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ láàárín ìparí Oṣù Kẹwàá sí àárín Oṣù Kọkànlá. Àárín ìlú London máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, ibi kòtò ní ìgbèríko Kent sì máa ń yá. Gádínà tó bá wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Oṣù Kẹwàá á gbá ewé lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ilẹ̀ á tún kún bámúbámú. Á tún gé dahlia, òdòdó tó ní iṣu lábẹ́ ilẹ̀, nígbà tí kò tíì kó oúnjẹ rẹ̀ sínú iṣu náà tán. Dahlia kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀bẹ títí ìrì dídì yóò fi sọ ewé rẹ̀ di dúdú. Ìgbà náà ni wọn á gé e ku nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà, tí wọn á fi fọ́ọ̀kì hú iṣu rẹ̀, tí wọn á dorí rẹ̀ kodò fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí omi inú igi náà lè ro dànù, kí wọ́n tó kó o sínú àpótí tó ní kọ́ńpọ́ọ̀sì gbígbẹ (ilẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n ń tà nínú àpò), níbi tí ìrì dídì kò lè dé.

Kí ẹ tó bèèrè iye tí gádínà máa gbà, ẹ mú un yí ọgbà ká, kí ẹ sì bi í bí yóò ṣe ṣe igi kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn rẹ̀ á sọ bóyá ó mọṣẹ́ tàbí ó kàn ní ẹ̀rọ ìgékoríko.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí hydrangea, èyí tó ní òdòdó rìbìtì ńlá tó wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé níbí. Tó bá ní òun á gé e kúrú kí òtútù tó dé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Ìrudi tí yóò di òdòdó lọ́dún tó ń bọ̀ ti wà ní orí ẹ̀ka ọdún yìí. Ẹni tó bá gé e ní Oṣù Kẹwàá ti gé òdòdó ọdún tó ń bọ̀ dànù, ewé lásán ni ẹ ó rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí òdòdó gbígbẹ náà wà lórí rẹ̀ títí di ìparí Oṣù Kẹta, kí wọ́n wá gé e dé ibi ìrudi méjì àkọ́kọ́ tó sanra. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní paniculata, tí òdòdó rẹ̀ gùn ṣóńṣó lókè. Ìyẹn lè gba ọ̀bẹ gan-an, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná, ṣùgbọ́n ìgbà ìrúwé náà ni ti ẹ̀, kì í ṣe ìsinsìnyí.

Lavender, òdòdó aláwọ̀ àlùkò olóòórùn dídùn, kété tó bá tanná tán, ní ìparí Oṣù Kẹjọ, ni wọ́n ń gé e. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ewé tútù tó 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà kù. Tí àlùmọ́gàjí bá wọ inú igi pupa gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀, kò ní rúwé mọ́ láéláé. Leylandii tí wọ́n gbìn ṣe ògiri yí ilé ká náà kì í rúwé láti ara igi gbígbẹ. Gádínà tó fi ẹ̀rọ gé e wọlé jù nítorí kó lè tinrín, ojú àpá náà ni ẹ ó máa wò títí ayé. Nípa ti ògiri igi yìí kan náà, òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 kò gbà kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ ẹyẹ jẹ́ nígbà tí ẹyẹ ń kọ́ ọ tàbí tó ń lò ó. Láti Oṣù Kẹta sí Oṣù Kẹjọ ni ẹyẹ ń yé jùlọ, ìdí nìyí tí gígé ògiri igi fi bọ́ sí àsìkò tí a ń sọ yìí.

Igi eléso ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Plum àti cherry kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀bẹ ní ìgbà òtútù, nítorí olú kan wà tí ń gba ojú ọgbẹ́ igi wọlé lásìkò ọ̀rinrin, tí ń sọ ewé di aláwọ̀ fàdákà, tí ń pa ẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹjọ ni tiwọn. Ápù àti pear yàtọ̀: ìgbà tí ewé wọn bá ti wọ́ tán ni, láti Oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta. Kí gádínà má sì gé ju ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ka lọ lọ́dún kan. Tó bá gé jù bẹ́ẹ̀, igi náà á ta ẹ̀ka gígùn ṣóńṣó-ṣóńṣó tí kì í so. Ọ̀pọ̀tọ́, ẹ kàn ní kó já èyí tó ti tóbi ju èso ẹ̀wà lọ tí kò sì tíì pọ́n, nítorí òtútù á pa wọ́n lórí igi. Àwọn tín-tìn-tín tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka ni kó fi sílẹ̀, àwọn ni yóò di ọ̀pọ̀tọ́ ọdún tó ń bọ̀. Róòsì gíga, kó gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ dànù lókè. Afẹ́fẹ́ ìgbà òtútù ló ń mi igi gíga síwá sẹ́yìn títí ihò á fi ṣí sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Omi á kún inú ihò náà, á sì dì mọ́ gbòǹgbò. Gígé tòótọ́ ti róòsì di Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹta.

Tí igi ńlá bá wà nínú ọgbà yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù bóyá òfin dáàbò bò ó kí ẹnikẹ́ni tó fi ayùn kàn án. Ní àdúgbò tí wọ́n kà sí conservation area, ìyẹn àdúgbò tí òfin ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀, igi tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju 7.5 sẹ̀ǹtímítà lọ, tí a bá wọ̀n ọ́n ní mítà kan ààbọ̀ sókè, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún káńsù ṣáájú.

Ní ti ata rodo, ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá gan-an. Gádínà tí kì í ṣe ọmọ wa gbà pé ọdún kan ni ata ń lò. Tó bá ti rí i pé ewé rẹ̀ ń pọ́n, á fà á tu. Ata rodo kì í ṣe ewéko ọlọ́dún kan. Ẹni tó gbìn ín láti ara èso ní Oṣù Kejì lè máà ká a títí di Oṣù Kẹjọ tàbí Oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n èyí tó bá la òtútù já nínú ilé á so ṣáájú ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, ẹ so rìbọ́ọ̀nù mọ́ èyí tó bá so jù, kí ẹ sì fi han gádínà pé kò gbọ́dọ̀ tu ú.

Ẹ máa wo bí òru ṣe tutù tó. Kó tó lọ sí ìsàlẹ̀ dígírì 10, ata gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ẹ ká gbogbo èso orí rẹ̀, pupa àti tútù. Kí gádínà gé igi náà ku 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, kí oríkèé bíi mélòó kan ṣẹ́kù lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Kó hú u, kó gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, kó gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbòǹgbò rẹ̀, kó sì tún un gbìn sínú kọ́ńpọ́ọ̀sì tuntun nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà. Iyẹ̀pẹ̀ ọgbà kò gbọ́dọ̀ bá a wọlé, ẹyin kòkòrò ló kún inú rẹ̀. Kó yẹ abẹ́ ewé tó kù wò fún kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé, kó fi omi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ojú fèrèsé tí oòrùn ń dé, tí kò tutù ju dígírì 12 lọ. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ amúlégbóná. Ooru gbígbẹ ibẹ̀ ni alántakùn pupa kékeré tó ń ta òwú sábẹ́ ewé fẹ́ràn. Ẹ bu omi sí i kìkì nígbà tí ìka yín bá wọ iyẹ̀pẹ̀ tó 2 sẹ̀ǹtímítà tó sì gbẹ. Omi àpọ̀jù ń pa ata nígbà òtútù ju òtútù lọ. Kò gbọdọ̀ rí ajílẹ̀ títí di ìparí Oṣù Kejì. Ó lè wọ́wé tán pátápátá, ẹ má dà á nù: ẹ fi èékánná ha èèpo igi rẹ̀ díẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, ó wà láàyè.

Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò ní la ìrì dídì kan já. Kí wọ́n gé ṣíírí tẹ̀tẹ̀ nígbà tí èso dúdú rẹ̀ bá ti ń já bọ́ tí a bá fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n kó o sínú àpò bébà. Nínú ọ̀rá, á bu. Ẹ̀fìnrìn, kí wọ́n gé ọ̀mùnú rẹ̀ tó gùn tó 10 sẹ̀ǹtímítà ní Oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n kì í bọ omi nínú ife lójú fèrèsé. Á ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé àwọn ènìyàn wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Èyí tó ń la òtútù já níbí ni Musa basjoo. Èso rẹ̀ kò ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ ń ránni létí ilé. Gádínà tó bá gé e mọ́lẹ̀ kò pa á, nítorí ìdí rẹ̀ á tún hù, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ di kúkúrú: láti ilẹ̀ ni yóò ti máa dàgbà lọ́dọọdún, kò ní ga láé. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyí. Nígbà tí ìrì dídì bá sọ ewé rẹ̀ di dúdú, kó gé ewé nìkan, kó fi igi rẹ̀ sílẹ̀. Kó fi wáyà ilé adìẹ yí i ká, kí àyè tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wáyà àti igi, kó ki koríko gbígbẹ sí àyè náà títí dé òkè, kó sì fi ohun tí òjò kò lè wọ̀ dé e lórí. Òrùlé yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí omi tó bá gba àárín igi wọlé ni yóò jẹ ẹ́ rà. Àwọn kan ń fi ọ̀rá wé igi náà gan-an. Á làágùn nínú rẹ̀, nígbà tí ẹ bá fi máa tú u ní Oṣù Kẹrin, á ti di ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ eléwé pupa tí wọ́n ń pè ní Ensete kò gba wíwé rárá, inú ilé ni tiẹ̀ kí ìrì dídì tó bọ́.

Pápá koríko kò ní wàhálà púpọ̀. Ní ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, kí gádínà fi ráàkì fa koríko gbígbẹ tó ti dì mọ́ ìdí, kó fi fọ́ọ̀kì gún ilẹ̀ ní jíjìn 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ihò kan jìnnà sí èkejì tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, kí omi lè ríbi wọlẹ̀. Ẹ̀rọ ìgékoríko, kí ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sókè kó gé e ku 4 sẹ̀ǹtímítà. Tó bá fẹ́ fún un ní ajílẹ̀, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ autumn sí lára. Ti ìgbà ìrúwé ní nitrogen púpọ̀, á mú koríko hù tútù rọ̀bọ̀tọ̀ ní àsìkò tí kò yẹ, àbàwọ́n àrùn á sì yọ lára rẹ̀ bí yìnyín bá bò ó. Ewé tó wọ́ sórí koríko gbọ́dọ̀ kúrò nítorí pé ó ń dí ìmọ́lẹ̀. Ẹ má sun ún. Kó kó o sínú ọ̀rá dúdú, kó lu ú ní ihò, kó wọ́n omi sí i, kó fi sí kọ̀rọ̀. Láàárín ọdún kan sí méjì á di ilẹ̀dú tó dára.

Ewé tó wọ́ sórí ilẹ̀ òdòdó, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi kọ́ńpọ́ọ̀sì tàbí ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa bo ilẹ̀ náà ní nínípọn 5 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ bá gádínà ṣe ìṣirò rẹ̀: ilẹ̀ òdòdó tó gùn ní mítà 10 tó sì fẹ̀ ní mítà 2 á gba 1,000 lítà, ìyẹn ogún àpò alálítà 50. Gádínà tó bá gbé àpò mẹ́ta wá fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ló fẹ́ yí padà, kò fẹ́ bo gbòǹgbò kankan. Kọ́ńpọ́ọ̀sì náà kò gbọ́dọ̀ kan ara igi. Kí àlàfo tó ọwọ́ kan wà yí ìdí rẹ̀ ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èèpo rẹ̀ á jẹrà. Ilẹ̀ London sì jẹ́ amọ̀ ní ibi púpọ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ẹ ní kó sún iṣẹ́ síwájú. Bàtà ẹni tó ń rìn lórí amọ̀ tútù ń tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, á sì le bíi bíríkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀rọ omi ìta: kí ẹ ti omi rẹ̀ pa láti inú ilé, kí ẹ wá ṣí ẹnu rẹ̀ níta kí omi tó kù lè dà tán, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Omi tó bá dì ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, páìpù kò sì lè gbà á. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ ni ẹ ó tó mọ̀ pé ó ti bẹ́, ògiri á sì ti tutù. Ìkòkò amọ̀ náà bẹ́ẹ̀: kí gádínà gbé wọn lé orí òkúta kékeré mẹ́ta kí omi lè jáde nísàlẹ̀, kó kó wọn jọ sẹ́bàá ògiri ilé.

Ó ku ọ̀rọ̀ pàǹtí àti owó. Ẹni tó bá máa fi ọkọ̀ kó pàǹtí ọgbà yín lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ akópàǹtí. Ẹ lè fi orúkọ rẹ̀ wá a lórí ìkànnì Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá lọ dà á sẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n sì rí lẹ́tà yín nínú rẹ̀, káńsù ní England lè bu owó ìtanràn tó 600 pọ́n-ùn lé ẹ̀yin tí ẹ gbéṣẹ́ fún un lórí, nítorí òfin ní kí onílé mọ ẹni tó gbé pàǹtí rẹ̀ fún. Ẹ tún bèèrè ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀, nítorí òkúta tó fò láti abẹ́ ẹ̀rọ lè fọ́ gíláàsì aládùúgbò. Tó bá dábàá oògùn apakoríko, ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín. Àmọ́ ní Oṣù Kọkànlá, koríko tó ti ń sùn kò ní gbé oògùn náà dé gbòǹgbò, owó yín ló máa gbé lọ. Oògùn ìgbín tó ní metaldehyde, òfin ti kà á léèwọ̀ níta láti 2022, ó lè pa ajá àti ẹyẹ.

Ẹ san owó lórí iṣẹ́, ẹ má san án lórí wákàtí, nítorí ẹni tí ẹ bá ń ka wákàtí fún, gígé ló yá a lára jù, gígé ló sì ń hàn sójú. Ẹ kọ àdéhùn náà sórí fóònù kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i: ọjọ́ méjèèjì, ohun tó máa ṣe sí igi kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ẹni tó máa ra kọ́ńpọ́ọ̀sì, ẹni tó máa kó pàǹtí, àti iye rẹ̀. Owó kọ́ńpọ́ọ̀sì nìkan ni kí ẹ san ṣáájú, kí ó sì mú rìsíìtì wá.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, tí àyè bá wà, ẹ bá wa gbé lẹ́tà yìí jáde kí Oṣù Kẹsàn-án tó tán. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù lè dúró di Oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n ata rodo kò ní dúró.

Àwa olùtọ́jú ọgbà,
Gúúsù London